Orúkọ Ọkọ Mi Lórí Ìwé Ìnṣọ́ránsì

“Mà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbí ti kú kí wọ́n tó tẹ ìwé yìí. Bí ọkọ̀ yìí bá gbá ènìyàn lónìí, ẹ má gbọ́kàn lé e pé ìwé yìí máa gbà yín.”

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́yìn káńtà ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan ní Apapa, ní Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò jágbe mọ́ mi. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ẹni tó ń sọ fún ènìyàn pé bọ́tìnì aṣọ rẹ̀ kan ti já. Ó dá ìwé náà padà sórí káńtà, ó sì fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fáànù má bàa gbé e lọ. Mo wo ìka náà. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni orúkọ ọkọ mi wà.

Ọkọ mi ti lo ọdún mẹ́rin nínú ilẹ̀ nígbà náà. Nígbà ayé rẹ̀, ó ń bá wọn ka ẹrù ní wáàfù, àwọn àpótí irin ńláńlá tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá, ó sì máa ń dé ilé pẹ̀lú òórùn iyọ̀ àti ti epo lára aṣọ rẹ̀. Yàrá méjì ní Amukoko, ọmọ mẹ́ta, àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan tó ní àwọ̀ eérú ló fi sílẹ̀ fún mi. Aṣọ ilé ìwé ni mo ń rán. Mo máa ń wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gé e, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan mi.

Nínú àgbàlá tí a ń gbé, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú kì í tètè jẹ́ kí àjèjì mọ̀. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ mi ti padà sí Ìsẹ́yìn, ìyá àgbà tó wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa pè mí sẹ́yìn ilé.

“Ìyá àwọn ọmọ,” ó ní, “má kó bàtà rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà o. Ẹni burúkú tó bá ń wo ilé, tó bá ti rí bàtà ọkùnrin, yóò gba ibòmíì lọ.”

N kò kó o kúrò. Mo máa ń nu bàtà náà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, mo sì máa ń yí i ní ipò díẹ̀ kí ó lè dà bí èyí tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́. Bí àwọn oníná bá kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n bi mí pé bàbá dà, mo máa ń ní wọ́n ń sùn. Ẹnu mi mọ́ ọn lára débi pé nígbà míì, tí mo bá ti sọ ọ́ tán, mo máa ń rẹ ohùn mi sílẹ̀ kí n má bàa jí i.

Báyìí náà ni ọ̀rọ̀ ìwé ọkọ̀ ṣe rí. Lọ́dọọdún, ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ìnṣọ́ránsì tó parí, mo máa ń kó gbogbo ìwé ọkọ̀ náà lọ bá ejẹ́ǹtì kan tó máa ń jókòó sábẹ́ agboòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì. Ó mọ ọkọ mi nígbà kan rí.

“Ọ̀gá ń kọ́?” yóò bi mí.

“Wọ́n wà.”

“Ẹ bá mi kí wọn.”

“Wọ́n á gbọ́.”

Yóò gba ìwé ti àtijọ́ lọ́wọ́ mi, yóò wọnú ilé lọ, yóò sì mú tuntun jáde. Ẹnikẹ́ni kò bi wá léèrè ẹni tó ni ín. Nígbà tí mo bá gba ìwé náà, yóò ṣì gbóná díẹ̀ láti ẹnu ẹ̀rọ. Mo máa ń jókòó sínú ọkọ̀, n ó gbé fèrèsé sókè, n ó sì ka orúkọ ọkọ mi jáde pẹ̀lú ohùn kí n tó ṣáná sí ọkọ̀. Lójú mi, ó dà bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló wọnú ilé yẹn lọ, tó bu ọwọ́ lùwé, tó bá wọn ṣàwàdà díẹ̀, tó sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde kí n tó rí i. Ìjọba ṣì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ ṣì lè pe orúkọ rẹ̀.

N kì í ṣe aláìbìkítà. Mo máa ń fi nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà lórí ìwé wé ti ara ọkọ̀, létà sí létà. Mo máa ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí n lè rí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì. Mo máa ń wo ọjọ́ tí yóò parí, n ó sì kọ ọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ọmọ mi àgbà ti kọ́ mi bí mo ṣe lè tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sórí fóònù kí n lè mọ̀ bóyá ìwé náà kì í ṣe ayédèrú, gbogbo ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ ló sì ń jáde pé ojúlówó ni. Ohun kan ṣoṣo tí n kò rò láti wọ̀n ni bóyá ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ ṣì lè ra nǹkan.

Ọmọ mi àgbà yìí ló mú kí ọ̀rọ̀ náà hàn. Obìnrin ni, ó ti jáde ní pólì, ó sì ti wá iṣẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ilé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní wáàfù wá pè é. Wọ́n fẹ́ ẹni tí yóò máa gbé ìwé láti ọ́fíìsì wọn dé àwọn géètì èbúté. Wọ́n bi í pé ṣé ó ní ọkọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀.

Láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ rẹ̀ ti jáde, mo ti wò ó níwájú àti lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n káàdì kì í wakọ̀. Nítorí náà ni a ṣe lọ fi ìwakọ̀ dánra wò ní apá Apapa tí àwọn ilé àtijọ́ wà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí títì máa ń fẹ̀ bí ẹni pé wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún wa nìkan. Àwọn igi ńlá ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan ara wọn lókè. Oòrùn ń kán sílẹ̀ láàárín ewé, tótó-tótó, ó ń yí lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Láti ọ̀nà jíjìn, ọkọ̀ ojú omi kan fọn fèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ohùn náà wúwo, ó sì gùn, bíi ti ẹni tó ń kérora lójú oorun. Mo rántí pé mo rò ó lọ́kàn mi pé a kò sí ní Èkó mọ́.

“Màámi, ẹ jẹ́ kí n mí.”

“Mí, àmọ́ wo dígí.”

“Mo ti wò ó.”

“Wò ó lẹ́ẹ̀kejì.”

“Ẹ̀rù tó wà nínú mọ́tò yìí ló ń jẹ epo, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì.”

Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó fi ọkọ̀ sẹ́yìn láti yí padà lẹ́nu géètì kan. A gbọ́ ìró kan, kò le, ó dà bí ìgbà tí ẹsẹ̀ tẹ agolo. Kẹ̀kẹ́ ológeere kan tó fara ti ògiri ti wà lábẹ́ bọ́ḿpà ẹ̀yìn wa. Táyà rẹ̀ kan ti tẹ̀ bí ìwo àgbò.

Ọlọ́dẹ ilé náà jáde. Bàbá àgbàlagbà kan ni, ó mú fáńpù tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà lọ́wọ́. Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo ọmọ mi, ó mi orí.

“Ìwọ ọmọ yìí, bó o bá fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ mi, ṣé o ò lè tọrọ rẹ̀ ni? Ó di dandan kó o jẹ ẹ́ ní tútù?”

“Ẹ má bínú, Bàbá.” Ọmọ mi ti kúnlẹ̀ sórí títì.

“Dìde, dìde. Aṣọ rẹ ò ṣẹ̀ mí. Ìyá ọmọ, ṣé ẹ ní ìnṣọ́ránsì?”

“A ní in, Bàbá.” Mo tiẹ̀ fi ìgbéraga díẹ̀ yọ ìwé náà jáde nínú rọ́bà rẹ̀. Ó nà án jìnnà sí ojú rẹ̀.

“Ọkọ yín nìyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Wọ́n ń bẹ nílé?”

“Wọ́n wà.”

Ọmọ mi gbé orí sókè, ó wò mí.

Mo ra táyà tuntun fún bàbá náà ní ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ sì parí síbẹ̀. Àmọ́ kí a tó kúrò, mo wo ilẹ̀ níbi tí kẹ̀kẹ́ náà wà tẹ́lẹ̀. Ojú ibi tí orúnkún méjì ti tẹ̀ wà nínú eruku, ó mọ́ roro. Bàbá náà ti kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde láti dá fáńpù padà ni. Bí ẹnìkan bá pè é kó dúró, bí ó bá yà láti wú ikọ́ lásán, òun ni ọmọ mi ì bá fi ọkọ̀ tẹ̀ mọ́ ògiri.

Ojú orúnkún yẹn bá mi délé. Títí di Ọjọ́rú, bí mo bá ti tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, n ó rí i lórí aṣọ aláwọ̀ ewé tí mo ń rán, ihò kékeré méjì, omi á wá kún inú wọn díẹ̀díẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ mo kó ìwé mi, mo lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n kọ sórí ìnṣọ́ránsì náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi wọ́n: bí ó bá jẹ́ bàbá náà ni, kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe?

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ní kí n jókòó. Ó fi sùúrù ṣàlàyé. Irú èyí tí a ní, ti ẹni kẹta ni, òun náà sì ni èyí tí òfin ṣe ní dandan fún gbogbo ọkọ̀ tó bá gun títì. Ẹni tí a bá ṣe léṣe ló wà fún, tàbí nǹkan oní-nǹkan tí a bá bàjẹ́, títí dé iye tí òfin là sílẹ̀. Bọ́ḿpà tiwa kò kàn án. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tún ọkọ̀ tirẹ̀ náà ṣe, èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò rà. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí a gbé ẹni tó farapa lọ sí ilé ìwòsàn, kí a fi tó ọlọ́pàá létí, kí a ya fọ́tò, kí a sì tètè pe àwọn. Kí a má bá ẹnikẹ́ni ṣe ìlérí lójú títì. Ẹni tó wakọ̀ gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ.

“Ẹni tó ni orúkọ yìí ló máa kọ fọ́ọ̀mù,” ó ní. “Ṣé wọ́n máa lè wá?”

“Wọ́n wà,” ni mo sọ. Ẹnu mi ló sọ ọ́, èmi kọ́.

“Ó dáa. Nọ́ńbà wọn wà níbí. Ẹ jẹ́ kí n kúkú bá wọn sọ̀rọ̀.”

N kò tíì lanu tí ó fi tẹ̀ ẹ́. Fóònù kékeré ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú báàgì mi. N kò jẹ́ kí láìnì yẹn kú rí. Mo máa ń fi owó sí i lóṣooṣù. Orin tí òun fúnra rẹ̀ fi síbẹ̀ ló ń kọ, ó ń kọ, gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà sì yíjú sí mi. Fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ara mi fẹ́ gbà gbọ́ pé bí mo bá gbé e sétí, òun ni yóò dáhùn.

“Wọ́n ti kú,” mo sọ. “Ó ti pé ọdún mẹ́rin.”

Ó pa fóònù tirẹ̀. Ó wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé. Ìgbà náà ló sọ ohun tí mo kọ́kọ́ kọ síbí yìí.

Mo bi í bí ó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀, nígbà tí fóònù ní ojúlówó ni. Ó ní ojúlówó ni ìwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àdéhùn ni ìnṣọ́ránsì. Bí ọkọ mi bá kú nígbà tí ìwé kan ṣì ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí a ṣáà wá sọ fún wọn. Àmọ́ gbogbo èyí tí a ti rà lẹ́yìn ikú rẹ̀, àdéhùn tuntun ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò sí láyé ló sì bá wọn ṣe é. Bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú adájọ́, àwọn lè sọ pé àwọn kò mọ̀ wá rí.

“Ta ni wọ́n máa wá mú?” mo bi í.

“Ẹni tó ń wakọ̀, Mà. Àti ẹni tó gbé ọkọ̀ fún un.”

Mo ti ń fi orúkọ yẹn dá ààbò bo àwọn ọmọ mi. Bí ọlọ́pàá bá dá wa dúró ní Boundary, mo máa ń nà án sí i kí ó lè rí i pé ọkùnrin wà lẹ́yìn wa. Ó wá jẹ́ pé ọmọ mi nìkan ló máa dúró lójú títì náà.

Nígbà tí mo sọ fún un nílé, ó jókòó sórí àga ìránṣọ.

“Ọjọ́ Ajé ni, Màámi. Mo ti sọ fún wọn pé mo ní mọ́tò.”

“Mọ́tò yẹn ò ní jáde.”

“Kò sẹ́ni tó máa mọ̀!”

“Èmi ti mọ̀.”

“Kẹ́ ẹ wá lọ sọ fún bàbá Ìsẹ́yìn pé ẹ fẹ́ yọ orúkọ Bàbá wa kúrò. N ò ní sí nílé lọ́jọ́ yẹn o.”

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni bàbá Ìsẹ́yìn, òun sì ni olórí ẹbí. Ẹbí kò tíì pín ogún. Lẹ́tà wọn ni ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní kí n mú wá pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ikú, láti fi hàn pé ọwọ́ mi ni wọ́n fi ọkọ̀ náà sí. Mo ní láti bẹ̀rẹ̀ ìwé ti ilé ẹjọ́ náà, kí wọ́n lè yí orúkọ ọkọ̀ padà ní ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì lẹ́yìn náà, àmọ́ ìyẹn yóò pẹ́. Mo pè é lẹ́yìn ìrun àsárì. Mo ń gbọ́ adìyẹ lẹ́yìn rẹ̀.

“Ìyàwó wa,” ó ní, “o fẹ́ pa orúkọ àbúrò mi rẹ́?”

“Rárá o, sà. Ẹ̀gbọ́n mi, bí ọmọ yìí bá gbá ènìyàn, ta ni wọ́n máa pè?”

“Èmi ni wọ́n máa pè.”

“Ọmọ náà ni wọ́n máa tì mọ́lé kí ẹ tó wọkọ̀ kúrò ní Ìsẹ́yìn.”

Mo sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ náà fún un, ojú orúnkún nínú eruku. Mo sọ ti ejẹ́ǹtì náà. Ó ní kí n tún ìyẹn sọ.

“Ọdún mẹ́rin? O sì ń sọ fún un pé ó wà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́. “Nígbà tó wà láàyè, kò san owó ìjọba lásìkò rí! Ikú ló wá sọ ọ́ di ọmọlúàbí.” Èmi náà rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ó ti rọ̀. “Kí ni wọ́n ní ká kọ?”

Lẹ́tà náà dé lọ́wọ́ awakọ̀ kan ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, ẹni mẹ́ta fọwọ́ sí i. Ní Ọjọ́ Ajé, ọmọ mi wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ síbi iṣẹ́, ó sì sọ òótọ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà ní kí ó máa fẹsẹ̀ rìn títí di Ọjọ́rú; bí Ọjọ́rú bá kọjá, òun yóò mú ẹlòmíràn. Ọjọ́ méjì ló fi rìn láàárín àwọn tírélà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó sì ń wò mí bí mo ṣe ń fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n kọ ìwé tuntun. Wọ́n bi mí ohun tí a ń fi ọkọ̀ ṣe. Mo ní ọmọ mi yóò máa fi lọ síbi iṣẹ́, yóò máa gbé ìwé ọ́fíìsì, kò ní gbé èrò gbowó. Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìwé náà jáde, mo jókòó sínú ọkọ̀, mo gbé fèrèsé sókè, mo sì gbìyànjú láti ka orúkọ tó wà níbẹ̀. Orúkọ mi ni, ó sì parí sí orúkọ ìdílé ọkọ mi. Ohùn mi kò jáde. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ ó dà bí ẹni pé owúsúwusù ti bo gbogbo títì, tí ẹnìkan sì ń rìn lọ nínú rẹ̀ láìwẹ̀yìn, láìbínú. Mo jókòó títí ó fi lọ tán. Mo wá tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sórí fóònù, ó jáde bó ṣe yẹ.

Ní Ọjọ́rú ọmọ mi gbé ọkọ̀ jáde kí aago méje tó lù. N kò wọlé jókòó tì í. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì náà títí ariwo Amukoko fi gbé e mì. Ó pè mí nígbà tó dé, bí mo ṣe ní kó ṣe, ó ní, “Màámi, mo ti dé o, ẹ lọ ránṣọ.” Iṣẹ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ di òní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín. Ẹ yọ ìwé ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ yín jáde lónìí, kí ẹ ka orúkọ tó wà lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ẹni tó ti kú, tàbí ti ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún yín, ẹ lọ sọ òótọ́ fún ilé iṣẹ́ tó kọ ọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sí orúkọ ẹni tó wà láàyè tí ẹrù ọkọ̀ náà wà lọ́rùn rẹ̀. Títí wọn yóò fi kọ ọ́, ẹ má ṣe fún ọmọ yín ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.